Ẹ Bi Ìyá Eléwé: Asofẹ́yẹjẹ Nínú Ọgbà

Lẹ́tà lórí asofẹ́yẹjẹ, igi tí à ń fi egbò rẹ̀ ṣe oògùn, ló pọ̀ jù nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn tó ń gbé egbò rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta ń rìn jìnnà sí i lọ́dọọdún kí wọ́n tó rí i wú, èyí tí wọ́n sì ń kó dé báyìí, tínínrín ni, egbò igi tí kò tíì gbó. Mo ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀fínrín, ẹ forí jì mí, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Igbó tí mo ti máa ń wú egbò asofẹ́yẹjẹ tẹ́lẹ̀ ti di ilé, mo sì fẹ́ máa gbìn ín fúnra mi. Mo ká èso pupa rẹ̀, mo sá a lóòrùn títí ó fi gbẹ, mo wá sin ín sílẹ̀. Ó ti ju oṣù méjì lọ, ẹyọ kan kò hù. Àbí igi igbó kì í gbọ́ ti ọgbà ni? — Onísègùn kan, Ọ̀dẹ̀dá

Bàbá, ẹ kú ìbéèrè. Igi yìí kò kọ ọgbà rárá. Ẹ wo ibi tó ń hù sí fúnra rẹ̀: ẹ kì í sábà bá a láàárín igbó dúdú tí oòrùn kì í dé. Etí ọ̀nà ni, ẹ̀bá oko, àti oko àtijọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi. Ibi tí àdá èèyàn bá ti kọjá ló fẹ́ràn.

Sísá tí ẹ sá a ló dà á rú. Ẹran ara èso náà gbẹ mọ́ kóró lára, ó sé e mọ́nú. Nínú igbó, ẹyẹ ló máa ń jẹ ẹran ara yẹn kúrò kí kóró tó balẹ̀. Nínú ọgbà, ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́ ẹyẹ.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń dúró kí èso pọ́n títí yóò fi rọ̀, tó jẹ́ pé bí mo bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, yóò bẹ́. Èyí tó bá ṣì ní àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò ká a. Mo máa rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, mo máa dà á sínú asẹ́ àtijọ́ kan, mo máa bu yanrìn díẹ̀ lé e lórí, mo máa wá fi àtẹ́lẹwọ́ rà á yíká-yíká bí ẹni ń fọ ìrẹsì ọ̀fadà tó ní òkúta. Ara pupa yẹn á bó dànù, á ku kóró nìkan, ó le, ara rẹ̀ ò dán. Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ wá dà á sínú omi tó mọ́. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Èyí tó rì ni kẹ́ ẹ gbìn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má gbé e pa mọ́ de ọdún tó ń bọ̀.

Asẹ́ tẹ́ ẹ fi ṣe é, kó má tún padà sí ìdí ògì mọ́ o. Gbogbo ara igi yìí ló ní oró, oje funfun rẹ̀ sì burú fún ojú. Ẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé yín, ẹ má ṣe dá èso náà sílẹ̀ sí àgbàlá, nítorí pupa rẹ̀ máa ń wọ̀ wọ́n lójú.

Ilẹ̀ tí ẹ máa gbìn ín sí, ilẹ̀dú ìlọ́po méjì sí yanrìn odò ẹyọ kan ni mo máa ń pò pọ̀, nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń gbin ọ̀gbìn. Àwo tó ti jò náà dára. Ẹ bò ó fẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ jìn ju ìbú èékánná lọ. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láràárọ̀. Kì í hù pa pọ̀. Àwọn kan á yọrí, ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá tún kọjá, òmíràn á tún yọ. Torí náà ẹ má da ilẹ̀ inú ọ̀rá nù. Kẹ́ ẹ sì fi nǹkan ká a mọ́ nítorí adìẹ. Adìẹ Abẹ́òkúta ò mọ ewé oògùn yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa tàn.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀ka gígé, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ tiyín. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó, tó nípọn tó àtàǹpàkò, kó gùn tó ọwọ́ kan àti àbọ̀, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ẹ ré ewé rẹ̀ kúrò. Oje máa dà lójú ibi tẹ́ ẹ ti gé e. Ẹ tò ó sábẹ́ ibòji títí oje yẹn á fi gbẹ, kẹ́ ẹ tó tì í bọlẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ nígbà tó wà lórí igi, kẹ́ ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò. Ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láàárín Ẹ̀bìbí àti Òkúdù, ni kẹ́ ẹ ṣe é. Bó bá di pé ẹ gbìn ín nígbà tí ọyẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ má bínú sí igi.

Ìdí tí mo fi yan ẹ̀ka fún yín rèé. Igi tó bá ti inú kóró hù máa ń ní olórí egbò kan tó lọ sísàlẹ̀ tààrà. Èyí tó bá ti ara ẹ̀ka hù kò ní i, egbò tirẹ̀ máa ń tàn sí ẹ̀gbẹ́. Egbò lẹ sì fẹ́. Egbò ẹ̀gbẹ́ rọrùn í wú láìpa igi. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ yín bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí àgbàrá ń gbá a, ẹ gbin ti kóró síbẹ̀, òun ló máa di ilẹ̀ mú.

Ẹ fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta sáàárín igi kan sí èkejì. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ lè fi ẹ̀wà tàbí tẹ̀tẹ̀ sáàárín. Ẹ̀gẹ́ ni n ò gbà fún yín. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbá ni wá, a ò lè rí ilẹ̀ ká má ro láfún, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wú ẹ̀gẹ́ yẹn, ẹ ó fa egbò asofẹ́yẹjẹ já pẹ̀lú rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wíwú. Ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fọwọ́ kan egbò igi tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, èmi náà ò yẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí igi ò sáré hu ewé mọ́. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi ọkọ́ kékeré wa ilẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí egbò kan tó ń sá lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ tẹ̀ lé e kúrò ní ìdí igi, ẹ má ṣe gé e mọ́ ìdí igi o, ẹ fi ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ mú un, ẹ dá ilẹ̀ padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí fún ọdún yẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn tó ń wú u nínú igbó, ìdí ni wọ́n ń wó. Wọ́n á wó o, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á wá bá mi ní Láfẹ́nwá pé, "Ìyá, ó ti wọ́n o." Àwọn ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n! Mo ti dẹ́kun ríra egbò tí mo bá rí ìdí igi lórí rẹ̀, inú sì ń bí wọn sí mi.

Èèpo egbò lẹ máa bó, níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú ilé, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Ẹ má sá a lóòrùn.

Ìyá, igi kan hù lẹ́yìn ilé wa, ewé rẹ̀ yí ẹ̀ka po, ó sì ń yọ oje funfun. Ọkọ mi ní asofẹ́yẹjẹ ni, àbúrò rẹ̀ ní ahùn ni. — Ìyàwó ilé, Ìbẹ̀rẹ̀kòdó

Ẹ ka ewé tó wà lójú ìkórítà ẹ̀ka kan. Asofẹ́yẹjẹ, mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ti ahùn máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó lè tó mẹ́jọ. Bí ó bá ti ń so, kò tún sí àríyànjiyàn: èso asofẹ́yẹjẹ kéré, ó pupa, ti ahùn gùn tínínrín, ó ń rọ̀ wálẹ̀, bó bá là, irun ló wà lára kóró rẹ̀, atẹ́gùn ló ń gbé e. Ahùn náà á di igi ńlá tó bá dúró, torí náà bó bá jẹ́ òun ni, ẹ má jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, mo gbọ́ pé asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n fi ń wo àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ọsibítù Aró l'Abẹ́òkúta láyé àtijọ́, pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ló gbé àwọn babaláwo wọ ọsibítù láti máa fún wọn ní àgbo. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkọ́ kan, Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀

Òótọ́ wà nínú ẹ̀, àlékún sì wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u.

Pé àwọn onísègùn wa ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè tó ń jà, tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ á fi rọ̀, tí yóò fi sùn, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ní Íńdíà, ìbátan igi yìí kan wà tó kúrú ju tiwa lọ, àwọn ará ibẹ̀ náà sì ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lára ti Íńdíà yẹn ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ oògùn Ciba ní Switzerland ti yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine ní 1952. Wọ́n tún rí èròjà kan náà nínú tiwa ti Áfíríkà, ni àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra egbò rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní ọsibítù káàkiri ayé, kí àwọn oògùn tuntun tó dé gba ipò rẹ̀.

Thomas Adéoyè Lambo ní tirẹ̀, oníṣègùn ọpọlọ ni, ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1923 ni wọ́n bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954. Ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni ètò abúlé. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, wọ́n á gbà á sínú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí rẹ̀ á wà pẹ̀lú rẹ̀, á máa wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù, á sì padà sáàárín àwọn èèyàn tó ń dáná, tó ń roko. Ó pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn nípa aláìsàn, nípa ẹbí rẹ̀, àti nípa ohun tí wọ́n gbà pé ó fa àìsàn náà ló ń wá lọ́dọ̀ wọn. Ọsibítù ní oògùn tirẹ̀. Àwòrán tó wà lọ́kàn yín, pé ìkòkò àgbo wà lórí iná ní wọ́ọ̀dù, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó kọ̀wé lórí egbò yìí gan-an ni Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aró. Ní 1960, ó ṣàlàyé fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bí àwọn onísègùn Yorùbá ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Mo fẹ́ràn èyí ju ìtàn àgbo inú wọ́ọ̀dù lọ. Ó tọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é lọ, ó wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ti ń lo oògùn ọsibítù. Owó oògùn ti wọ́n. Bí mo bá gbin asofẹ́yẹjẹ yìí sẹ́yìnkùlé, báwo ni kí n ṣe máa se é fún wọn? — Ọmọ Ìyá, Àdátán

Ẹ má se é fún wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ́ sọ pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á?" Èmi tí mò ń tà á ni mò ń wí o. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, kò sí àníàní, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Oògùn tí ìyá ń lò náà ń mú un wálẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ara àgbàlagbà, ó lè jábọ́ kọjá ibi tó yẹ, ìyá á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọ́n á ṣubú. Ẹ ò sì lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife kan, torí egbò igi kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ti ilé oògùn, wọ́n wọ̀n ọ́n. Tiyín, ta ló wọ̀n ọ́n? Yàtọ̀ sí èyí, ó máa ń dí imú, ó máa ń dá oorun sára, ó lè mú ọgbẹ́ inú burú sí i fún ẹni tó bá ní i, bó bá sì pẹ́ nínú ara, ó lè mú ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì débi tí kò ní í fẹ́ jẹun mọ́. Kì í kúrò nínú ara lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá a dúró.

Ẹni tó bá wá sí ìsọ̀ mi láti ra egbò yìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé ta ló fẹ́ lò ó. Bó bá ní ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tàbí aboyún, tàbí ẹni tí ìbànújẹ́ ti bò mọ́lẹ̀, mo máa ń dá owó rẹ̀ padà fún un. Onísègùn tó mọṣẹ́ nìkan ni mo ń tà á fún.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ gbé e lọ síwájú dókítà, ẹ má tijú. Ẹ mú ìyá lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí ibi tí wọ́n ti ń gbàtọ́jú, ẹ sọ fún dókítà pé apá yín ò ká oògùn yẹn mọ́, kó wo èyí tí owó rẹ̀ kéré tó lè ṣiṣẹ́ kan náà. Irú rẹ̀ wà. Kẹ́ ẹ sì dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ wọn kù láti alẹ́ òní.

Ìyá, igi tèmi ti ga jù mí lọ, òdòdó ni mi ò tíì rí, ká má tí ì sọ èso. Abẹ́ máńgòrò ló wà. — Onígbó, Ọbáńtokò

Ẹ ti dáhùn ara yín. Ibòji máńgòrò ló ń bá a jà. Igi tó ń wá oòrùn ni, ibòji á kàn mú un ga gẹ̀ẹ́rẹ́ láìní ẹ̀ka ni. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó bò ó, tàbí kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka lára tirẹ̀ nígbà òjò, kẹ́ ẹ gbìn ín sójú gbangba. Òdòdó rẹ̀ kéré, funfun tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, ó máa ń pọ̀ jọ lórí ẹ̀ka. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn ò ní í rí i.

Ìyá, ṣé owó wà nínú gbígbìn ín? Mo fẹ́ fi owó àjẹmọ́nú mi rà éékà kan. — Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Òkè-Mòsán

Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ra éékà. Àwọn tó ń rà á ni onísègùn àti àwa lékuléja. Èmi ò tíì rí ẹni tó ń wá sí Láfẹ́nwá pẹ̀lú ọkọ̀ láti kó o. Ọdún mẹ́ta á kọjá kí ẹ tó rí egbò tó ṣeé tà. Bẹ́ ẹ bá sì ń rò pé ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó dì í sínú ike, ẹ ó fi orúkọ yín sí i, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn. Igi yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ta ní kọ̀rọ̀.

Ohun tí mo lè gbà yín níyànjú ni pé kẹ́ ẹ gbìn ín sí ààlà. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ti ń gbin àgbàdo sí, ẹ fi ẹ̀ka asofẹ́yẹjẹ yí i ká dípò òpó onígi tí ikán máa jẹ. Á dúró bí ọgbà, á máa dàgbà fúnra rẹ̀, ẹ ò ní í ná nǹkan kan lé e lórí. Bó bá pé ọdún mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá rí olùrà, ẹ tà. Tẹ́ ò bá rí, ààlà yín ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń béèrè ibi tẹ́ ẹ ti máa rí ẹ̀ka, èmi ò ta ẹ̀ka. Ẹ gba ọ̀nà Aláàbàtà lọ nígbà òjò, ẹ ó rí i lẹ́bàá oko. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olóko. Bí wọ́n bá gbà fún yín, orí igi ni kẹ́ ẹ ti gé e. Ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀.